Ọ̀nà Tí Ìyá Olórìí Fẹ́ Rìn

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àlùfáà kan tí kò mọ ìyá wa rí dìde, ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ilé ni wọ́n sì fẹ́ràn láti máa jókòó sí. Mo wo bàbá mi. Bàbá mi wo ilẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé àbí ọkùnrin yìí ti ṣi ilé wọ̀ ni? Ìyá tí èmi mọ̀ kò jẹ́jẹ́ rárá. Wọ́n ń jà, wọ́n sì mọ ìjà í jà. Bí ohun kan bá sì wà tí wọ́n kórìíra láyé yìí, kí wọ́n jókòó sílé ni. Oṣù márùn-ún tí wọ́n lò kẹ́yìn, inú ilé ni wọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó sọ nǹkan mìíràn, torí mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ọmọ rere ló ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá bàbá mi ni wọ́n. Láti ẹ̀bá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bá ọkọ wọn wá sí Warri nígbà tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ọkọ kú, wọn ò padà sílé. Òrí àti ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń tà. Mama Òrí ni ará Warri ń pè wọ́n. Nínú ilé wa ní Okumagba Layout, Ìyá lásán ni. Àjọkẹ́ ni wọ́n ń pe èmi. Yorùbá ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀, Pidgin ni mo fi ń dá wọn lóhùn, kò sì sí ẹni tó rí nǹkan tó burú níbẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Ìyá ò ní ṣọ́ọ̀bù rí láyé wọn. Wọ́n ní àwọn tó nílò òrí jù kì í dé ọjà: ìyá ọlọ́mọ tuntun ni, àti arúgbó tí orúnkún ń dà láàmú. Nítorí náà wọ́n á ru igbá wọn, wọ́n á sì máa bá wọn lọ sílé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á forí lé Edjeba. Ọjọ́bọ̀, wọ́n á gba Enerhen kọjá, wọ́n á sọdá afárá Udu, wọ́n á dé Ovwian, wọ́n á sì wá gba ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó la àbàtà kọjá dé abúlé kan lẹ́yìn Ovwian, níbi tí ọ̀rẹ́ wọn, Mama Ejiro, ń gbé. Ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n á bi yín bóyá ẹsẹ̀ yín ni wọ́n ń yá lò.

Kí èèyàn tó kí wọn tán lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n á ti béèrè pé, "Ọ̀nà wo lo gbà?" Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe ọ̀yàyà o. Ìdáhùn ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ṣé omi ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn? Ṣé wọ́n ti kó iyanrìn tó dí gọ́tà kúrò? Bí o bá dáhùn dáadáa, o di èèyàn wọn. Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ fẹ́ nígbà kan. Ó wa mọ́tò wá sílé wa, ó wọ aṣọ funfun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá ní, "Ọ̀nà wo lo gbà wá?" Ó ní fóònù òun ló júwe ọ̀nà.

"Fóònù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òun ló mọ ọ̀nà, ìwọ ò mọ̀ ọ́n?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé ìrẹsì dé, wọ́n na ìka sí fóònù tó wà lórí tábìlì, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, òun ni kó o gbé oúnjẹ fún. Òun ló rìn."

Ọkùnrin náà ò padà wá mọ́, kí n má purọ́, mi ò sì bínú tó bí mo ṣe fi hàn.

Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀nà kì í ṣe kékeré. Wọ́n mọ ibi tí omi ti kọ́kọ́ ń jáde bí òjò oṣù kẹfà bá dé, wọ́n sì mọ ibi tó ti ń pẹ́ kó tó gbẹ. Wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ dà bíi pé ó le lójú ṣùgbọ́n tí yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ mì dé orúnkún. "Níbi tí koríko bá ti tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, má tẹ ibẹ̀." Irú ohun tí wọ́n ń kọ́ mi nìyẹn nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ́ orin. Wọ́n máa ń sọ pé omi àbàtà ẹ̀yìn Ovwian kì í ré kọjá oṣù kọkànlá. Bí oṣù kọkànlá bá wọlé, omi á fà, ọ̀nà á jáde. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí.

Ṣùgbọ́n ìlú ń dí mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀nà Edjeba ló kọ́kọ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan ra ilẹ̀, ó mọ odi, odi náà sì jókòó gbáà sórí ọ̀nà tí Ìyá ti ń gbà kí wọ́n tó bí ọ̀gbẹ́ni yẹn sáyé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Ẹlòmíràn á wá ọ̀nà mìíràn. Ìyá kan géètì. Ọ̀gá náà ṣí i. Ìyá ní, "Good morning, sir. I dey pass." Wọ́n gbé igbá wọn wọlé, wọ́n gba àárín àgbàlá, wọ́n kọjá níwájú ilé ìdáná, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra wọn, wọ́n jáde sójú ọ̀nà lódìkejì. Ọ̀gbẹ́ni náà dúró, ó la ẹnu sílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Ìyá tún kan géètì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń la ilé onílé kọjá fún ọdún mélòó kan. Ìyàwó ilé di oníbàárà wọn. Nígbà tí ó yá, ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún ọlọ́dẹ pé, "No lock back door o, today na Tuesday."

Ọ̀gá náà kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilé náà. Ẹni tó rà á gbé odi náà ga, ó di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù. Ìyá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n kan géètì títí, ọlọ́dẹ tuntun yọjú, ó ní kí wọ́n máa lọ. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n dúró síwájú odi yẹn, wọ́n ń wò ó láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n bá wọn sọ igbá kalẹ̀, ó rẹ̀ wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ pé ó rẹ̀ wọ́n nìyẹn.

Mo ní láti ṣàlàyé àṣà kan fún yín, torí òun ló dá gbogbo ìjà sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fi ẹsẹ̀ tajà láàárín Enerhen, Ovwian àti àwọn abúlé ẹ̀yìn rẹ̀ ní òfin kan. Yorùbá wà nínú wọn, Urhobo pọ̀ nínú wọn, kò sí ẹni tó kọ òfin náà sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ láàárọ̀, yóò ya ewé tútù, yóò tẹ́ ẹ sí ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn á rí i, á yà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tẹ́ ewé láìjẹ́ pé ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe pé wọ́n sọ fún ọ. Kì í ṣe pé ó rí i lókèèrè. Ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Torí bí o bá tẹ́ ewé lórí àgbọ́sọ, o lè dá ogójì obìnrin padà lórí asán, kí ata wọn rà, kí ẹ̀fọ́ wọn rọ. Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé ó tẹ́ ewé lórí àgbọ́sọ, wọn ò ní gba ewé rẹ̀ gbọ́ mọ́ láé, kò sì sí ìtìjú tó jù ú lọ láàárín wọn.

Mama Ejiro wà lára àwọn obìnrin yìí. Gààrí ló ń tà, ẹni gíga ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ibi tí òun ò tíì dé. Òun àti Ìyá fẹ́ràn ara wọn débi pé wọ́n máa ń bú ara wọn láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó pàdé. Bí Ìyá bá ti gbọ́ "Ngbati woman!" láti òdìkejì pápá, ojú wọn á là.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ sílé, nítorí náà bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n. Ní àárín àbàtà yẹn, ihò omi kan wà tó jìn, pákó gígùn méjì ni wọ́n sì fi ṣe afárá lé e. Òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá dé ibẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n rí i pé pákó ti jẹrà lábẹ́. Wọ́n ya ewé, wọ́n tẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òjò ń gbé ewé lọ, àwọn èèyàn sì ń sáré bọ̀. Kí ni Ìyá ṣe? Wọ́n sọ igbá òrí wọn kalẹ̀ sí ẹnu pákó, wọ́n jókòó sójú ọ̀nà, nínú òjò, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni ò ní kọjá. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dá gbogbo èèyàn padà. Àwọn kan bú wọn. Ọkùnrin kan ní òun máa gbé wọn kúrò níbẹ̀, Ìyá ní kó gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ọ̀sán ni Mama Ejiro dé. Láti ọjà Enerhen ló ti ń sáré bọ̀; wọ́n ti ránṣẹ́ pè é pé ìyá rẹ̀ ń kú lọ ní abúlé. Ó bẹ Ìyá. Ó pariwo. Ó fà wọ́n láṣọ. Ìyá di ìbàdí rẹ̀ mú, wọn ò jẹ́ kó kọjá. Ó di dandan kó padà gba ọ̀nà ńlá yí ká, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí méjì lẹ́sẹ̀. Nígbà tó dé ilé, wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá rẹ̀ lójú. Wọ́n ní ìyá náà ti ń béèrè rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pákó náà já lábẹ́ ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́. Wọ́n fà á jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ìyá jàre, gbogbo ayé rí i. Ṣùgbọ́n kí ni jíjàre fẹ́ ṣe fún ẹni tí ìyá rẹ̀ kú láì rí i? Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Mama Ejiro dúró láàárín Enerhen, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ wọn, ó na ọwọ́ sí Ìyá, ó ní, "This woman no put leg for that wood at all! She just see am from far, siddon for road. Na hearsay she take block me!"

Ìyá tí ẹnu wọn kì í dákẹ́, wọ́n gbé igbá wọn, wọ́n wá sílé. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin kan ò gba ewé wọn gbọ́ mọ́. Wọ́n á dé ibi tí Ìyá tẹ́ ewé sí, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á gbé e kúrò. Ó lé ní ogún ọdún tí àwọn méjèèjì kò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Bí Mama Ejiro bá wà ní apá ọ̀tún ọjà, Ìyá á gba apá òsì. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Mama, you climb that wood abi you no climb am?" Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ náà fẹ́ bi mí?"

Mi ò bi wọ́n mọ́.

Oṣù keje ọdún tó kọjá ni Ìyá ṣubú. Gọ́tà iwájú ilé wa ni, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Omi ti bo ojú rẹ̀, wọ́n tẹ ibi tí kò sí nǹkan kan lábẹ́. Ìbàdí wọn wú. Dókítà ní egungun ò kán, kí wọ́n máa sinmi. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, pè mí lórí fóònù, ó ní, "Àjọkẹ́, má jẹ́ kí Ìyá jáde o. Bí ohunkóhun bá ṣe wọ́n, ọwọ́ ẹ ni mo ti máa béèrè." Tíṣà ni mí. Mo gbọ́dọ̀ wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi ní aago méje ààbọ̀. Èmi àti Ìyá nìkan la ń gbé ilé. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo ra àgádágodo, mo fi sí ilẹ̀kùn onírin fàràńdà. Mo máa ń gbé àga wọn síbẹ̀ láàárọ̀, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn, mo máa ń gbé omi àti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì máa ń ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó tó wà ní ilé kejì ń bá mi bojú wò wọ́n. Ìyá á wà níbẹ̀ látàárọ̀, wọ́n á di irin mú, wọ́n á máa bi àwọn tó ń kọjá pé ọ̀nà wo ni wọ́n gbà.

Èmi náà, kí ẹ má rò pé mo ń gbádùn. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ń wúwo nínú báàgì mi. Bí òjò bá ṣú nígbà tí mo wà ní kíláàsì, àyà mi á máa já. Mi ò lè lọ síbì kankan lẹ́yìn iṣẹ́. Bí mo bá dúró bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú wọn lẹ́yìn irin yẹn ni mo ń rí. Àwa méjèèjì la wà nínú ilé yẹn, kì í ṣe àwọn nìkan.

Ní oṣù kẹsàn-án, obìnrin kan tó ń ta ata ní Enerhen yà sílé wa. Ó ní Mama Ejiro ní kí òun jẹ́ iṣẹ́ kan. Ó ní ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí Mama Ejiro rìn mọ́, kò lè kúrò níwájú ilé. Ó ní kí Mama Òrí wá. "She say she get wetin she wan tell you with her own mouth, about that day."

Ìyá dìde dúró. Pẹ̀lú ìbàdí yẹn, wọ́n dìde láìdi nǹkan mú.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, mo ń lọ lọ́la."

Mo ní, "Mama, where? That road na water."

Ẹ gbọ́, mi ò purọ́. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà yẹn ní oṣù keje, ṣáájú kí Ìyá tó ṣubú, mo dúró lórí ọ̀dà, mo fi ojú ara mi rí i. Kèké ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í kọjá ibi tí ọ̀dà pin sí lẹ́yìn Ovwian. Ìyókù, ẹsẹ̀ ni, nínú àbàtà, bí ìdajì wákàtí fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Omi ti dé ibi ìdí ènìyàn. Ṣé kí n wá ru ìyá mi kọjá nínú ìyẹn? Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù, kí omi fà. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní oṣù kọkànlá.

Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò béèrè ohun tí Mama Ejiro fẹ́ sọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n fẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni. "Ẹni tó bú mi lọ́jà ló ń pè mí yẹn," ni wọ́n máa ń sọ nígbà tí mo bá ń bá wọn fi òrí pa ìbàdí. "Mi ò bẹ̀ ẹ́. Òun ló pè mí." Mo lè gbọ́ ayọ̀ nínú ohùn wọn. Mo ní kí n bá wọn pe Mama Ejiro lórí fóònù. Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, ojú ni wọ́n fẹ́ wò.

Lọ́jọ́ kan ní ìparí oṣù kẹwàá, mo ti iléèwé dé, mo bá wẹ́dà kan níwájú fàràńdà wa. Ó ti so wáyà rẹ̀ mọ́ iná aládùúgbò, ó ti wọ gíláàsì dúdú, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé àgádágodo mi. Ìyá jókòó lẹ́yìn irin, wọ́n ti wọ aṣọ ìrìn wọn, wọ́n ti di òṣùká sọ́wọ́. Mo figbe ta. Wẹ́dà ní, "Aunty, Mama say her pikin lose key!"

Mo lé e. Mo bá Ìyá wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Mo ní, "You wan kill me? You wan make Daddy kill me?" Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n tú òṣùká náà, wọ́n ká a, wọ́n gbé e sórí itan.

"Bá mi bu omi," ni wọ́n wí.

Wọn ò tún bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ méjì.

Oṣù kọkànlá wọlé. Ìyá ní, "Omi ti fà." Inú ilé ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ti sọ ọ́. Mo ní ta ló sọ fún wọn? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn, oṣù kọkànlá nìyí. Mo ní ayé ti yí, òjò ò mọ oṣù mọ́, ẹnìkan níléèwé wa sọ pé ẹ̀yìn Ovwian ṣì kún fún omi. Wọ́n ní, "Ṣé ẹni yẹn dé ibẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o dé ibẹ̀?"

Ìdánwò àwọn ọmọ ti sún mọ́lé. Mo ní èmi ò ráyè. Mo ní kí ọdún tuntun dé ná, èmi fúnra mi á mú wọn lọ.

Ìgbà tó yá, wọn ò béèrè mọ́. Bí mo bá ń ti ilẹ̀kùn láàárọ̀, wọ́n á yí ojú sí ògiri. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run forí jì mí. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé. Mo tilẹ̀ pe bàbá mi, mo ní, "Daddy, she don calm down."

Ní oṣù kejìlá, ibà mú wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kú. Mo wà níbẹ̀, mo di ẹsẹ̀ wọn mú, torí ó ti tutù, mo sì ń fi òrí pa á. A sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo lọ sọ fún Mama Ejiro. Mo ra bàtà òjò, mo fi sínú báàgì kan, mo wọ kèké ní Enerhen. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀dà pin sí lẹ́yìn Ovwian, mo ní kó dúró. Oníkèké ò dúró. Ó yà, ó ń bá eré lọ. Mo ní, "Where you dey go?" Ó ní ṣé kì í ṣe abúlé ni mo ní? "I dey reach there."

Mo bojú wo ìta. Wọ́n ti da ilẹ̀ pupa sí àbàtà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti le, ó ti dán. Wọ́n ti fi kọnkéré ṣe afárá kékeré sórí ihò omi yẹn. Àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Mo bi oníkèké pé láti ìgbà wo.

"E don tey o. Since October."

Mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Bàtà òjò mi wà nínú báàgì, eruku pupa sì bo ẹsẹ̀ mi. Mo ń sunkún, àwọn èèyàn ń wò mí, mi ò bìkítà.

Mama Ejiro jókòó síwájú ilé rẹ̀. Wọ́n ti gbé àga rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ṣì wà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀, torí ojú Ìyá ni mo gbé wọ̀.

"So she send pikin," ó ní. "She still dey vex."

Mo ní, "Mama, she don die."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Strong head. I call her since September. Road good, I tell myself say this week she go come, this week she go come. She no gree. She carry the vex go grave."

Mo lè jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ó wá sí mi lọ́kàn. Ta ni ì bá mọ̀? Orí kunkun Ìyá kì í ṣe ohun tó ṣòro láti gbà gbọ́. Mo kàn máa dìde, mo máa ní ẹ kú ìfẹ́, mo máa wọ kèké.

Mo ní, "No be so, ma. She wan come. Every day she dey beg me. Na me lock the door."

Mama Ejiro wò mí.

"I wan tell her," ó ní, "say that day, I see her wrapper. E wet reach chest, mud full am. Everybody rain beat, but na only she get mud. She climb that wood, e throw her inside water, she come out, come siddon. I see am with my eye. I still open mouth for market say she no try am." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. "My mama don die. I wan make person suffer."

Àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mama Ejiro wò wọ́n títí wọ́n fi dé ibi afárá, lẹ́yìn náà ó yíjú padà sí mi.

"You nko? Before you lock her, you come put leg for this road?"

Mo ní, "No, ma."